Ẹ Jọ̀wọ́, Ẹ Máa Kọ Kílò Mọ́ Kóngò

Sí Olóòtú wa,

Ẹ kú iṣẹ́ takuntakun. Ẹ máa ń bá wa kọ iye tí wọ́n ń ta kóngò ẹ̀wà, kóngò gààrí àti kóngò ìrẹsì lọ́jà, ó sì ń ran àwọn tó ń ná owó oúnjẹ lọ́wọ́. Àmọ́ nínú ilé tí ẹnu 10 ti ń jẹun, tí àwọn ọmọ kì í lọ ilé ìwé torí pé inú ilé ni àwọn òbí ti ń kọ́ wọn, iye owó kóngò láìsí ìwọ̀n rẹ̀ kò tíì sọ ohun tí à ń fẹ́ mọ̀. Irú ilé bẹ́ẹ̀ ń pọ̀ sí i, pàápàá láti ìgbà tí owó ilé ìwé ti kọjá agbára ọ̀pọ̀ òbí. Torí wọn ni lẹ́tà yìí ṣe gùn.

Kóngò kì í ṣe ọ̀kan náà káàkiri. Kóngò ẹ̀wà tó péye máa ń sún mọ́ kílò kan ààbọ̀. Ẹ wá yí ti ọlọ́jà mìíràn dojú bolẹ̀, ẹ ó rí i pé wọ́n ti fi nǹkan lu ìdí rẹ̀ wọnú, ó wá jin bí àwo ọbẹ̀. Ibi tó wọnú yẹn ni odindi agolo ẹ̀wà ń bá lọ. Wọ́n á gé etí òmíràn kúrú kí wọ́n tó tún un rán. Nígbà tí wọ́n bá ń wọ̀n ọ́n, òkìtì orí rẹ̀ á ga, ojú oníbàárà á kún, inú kóngò ti dín tipẹ́tipẹ́.

Nítorí náà, bí ẹ bá ń kọ́ ọmọ ọdún 8 tàbí 9 ní ìṣirò nílé, ẹ má wulẹ̀ wá ìwé lọ jìnnà. Ẹ fún un ní ẹ̀wà kóngò kan kó wọ̀n ọ́n. Bí kò bá sí sìkéèlì nílé, ẹ mú igi tí a fi ń kọ́ aṣọ, ẹ fi okùn gbé e kọ́ sórí ìṣó kí ó lè máa yí fàlàlà, kí ẹ so ọ̀rá kan mọ́ apá ọ̀tún, òmíràn mọ́ apá òsì. Ẹ̀wà ń lọ sínú ọ̀kan, omi inú ọ̀rá tí a ń mu ń lọ sínú èkejì. Omi 50cl jẹ́ ìdajì kílò, ìyẹn ni pé ọ̀rá omi 3 ni kílò kan ààbọ̀. Ẹ kọ́kọ́ da omi inú ọ̀rá náà sínú ike ọtí ẹlẹ́rìndòdò 50cl tó ti ṣófo, torí pé àwọn kan wà tí omi wọn kò kún tó ohun tí wọ́n kọ sí i lára. Kí ọmọ náà kọ ọjọ́, orúkọ ọjà, iye owó àti ìwọ̀n sínú ìwé, kó wá fi ìwọ̀n pín owó. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ 4, ìwé yẹn á fi ọjà tó gbówó lórí jù han ìyá rẹ̀. Lọ́pọ̀ ìgbà, ọjà tí iye kóngò rẹ̀ kéré jù náà ni ẹ ó bá níbẹ̀.

Ibi tí owó ilé ọlọ́mọ púpọ̀ ti ń jò jù ni oúnjẹ tí ẹlòmíràn ti bá wa ṣe dé ìdajì: ògì tí wọ́n ti lọ̀ tí wọ́n sì dì sínú ọ̀rá kéékèèké, búrẹ́dì ojoojúmọ́, indomie, tòmátò inú ọ̀rá, àkàrà etí títì. Ilé tí àwọn ọmọ kì í ti í jáde lọ sí ilé ìwé ní ohun tí ilé mìíràn kò ní, ìyẹn ọwọ́ púpọ̀ àti ojúmọmọ. Kí a wá kó iṣẹ́ oúnjẹ yẹn sínú ẹ̀kọ́ gan-an, kó má jẹ́ pé bí ẹ̀kọ́ bá tán ni iṣẹ́ ilé tó bẹ̀rẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti orí ògì, torí òun ni èrè rẹ̀ pọ̀ jù, òun náà sì ni àwọn ènìyàn máa ń bà jẹ́ jù. Àgbàdo kóngò 4, funfun tàbí pupa, á tó ilé ẹnu 10 fún bí òwúrọ̀ 10. Ẹ ṣà á, ẹ fẹ́ ẹ, ẹ fọ̀ ọ́, kí ẹ rẹ ẹ́ sínú omi tó ga jù ú lọ ní ìbú ọwọ́ kan, nítorí á mu omi, á sì wú. Ní ojoojúmọ́ ni kí ẹ máa da omi náà nù, kí ẹ máa fi tuntun sí i. Ọjọ́ 2 ti tó nígbà tí ooru bá mú. Bí òjò tàbí ọyẹ́ bá mú kí omi tutù, ẹ jẹ́ kó pé ọjọ́ 3. Ẹ mú hóró kan, ẹ fi èékánná tẹ̀ ẹ́: bó bá fọ́ wẹ́rẹ́, ó ti tó lọ̀. Bí àárín rẹ̀ bá ṣì le, ẹ̀rọ kò ní lọ̀ ọ́ kúnná, èèrí á pọ̀, ògì á sì kéré.

Àìpààrọ̀ omi ló ń ba ògì jẹ́ jù. Ìfófòó á bo ojú omi náà, òórùn rẹ̀ á sì yí padà. Kíkan ni à ń fẹ́, a kò fẹ́ kó rà. Àwọn kòkòrò àìfojúrí kan ló ń sọ ṣúgà inú ọkà di ohun tó kan, kíkan yẹn náà ni kì í jẹ́ kí àwọn kòkòrò tó ń bani nínú jẹ́ ráyè gbèrú. Ẹ lè fi èyí han ọmọ pẹ̀lú omi sóbò. Ẹ pín in sí ife 3, ẹ kán omidùn sí ọ̀kan, ẹ kán omi káún sí èkejì, ẹ fi ẹ̀kẹta sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Èyí tí omidùn wà nínú rẹ̀ á ṣì pupa, èyí tí káún wà nínú rẹ̀ á dúdú, á sì máa ṣe bí àwọ̀ ewé. Ọmọ tó bá ti fojú rí ìyẹn kò ní gbàgbé ìyàtọ̀ láàárín ohun tó kan àti ohun tó jẹ́ ti eérú àti káún.

Ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ ìlọta náà wà níbẹ̀. Ẹ̀rọ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fi lọ ata á fi ata sínú ògì yín, kò sì sí bí ẹ ṣe lè sẹ́ ata kúrò lára ògì. Àárọ̀ kùtù ni kí ẹ lọ, kí ẹnikẹ́ni tó gbé ata dé, tàbí kí ẹ dúró kí alágbàdo kan ṣáájú yín. Ẹ ní kí alọta lọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì. Owó ìkejì yẹn kì í ṣòfò, torí ohun tí ìlọ ẹ̀ẹ̀kan bá fi sílẹ̀ nínú èèrí, ewúrẹ́ ló ni ín.

Nígbà tí ẹ bá ń sẹ́ ẹ, ẹ ta aṣọ asẹ́ sórí agbada, ẹ má dà á lé e pọ̀ lẹ́ẹ̀kan. Agolo 3 tàbí 4 ògì lílọ̀, omi díẹ̀ lé e, ẹ fọwọ́ rò ó, ẹ fún un, títí omi tó ń jáde á fi mọ́. Ọmọ ọdún 7 lè ṣe èyí bí ọwọ́ rẹ̀ bá mọ́ títí dé ìgúnpá. Ẹ jẹ́ kó sùn di ọjọ́ kejì kó lè tòrò. Ẹ ré omidùn ojú rẹ̀ kúrò, ẹ má dà á nù o, ẹni tó bá ń rẹ àgbo nílé á fẹ́ ẹ. Bí kò bá sí fíríìjì, ẹ fi omi tó ga ní ìka 3 bo ògì náà, kí ẹ máa pààrọ̀ omi rẹ̀ láràárọ̀. Èyí tó bá pọ̀ jù, ẹ dà á sínú àpò aṣọ, ẹ gbé e kọ́ kó ro, ẹ fi òkúta tẹ̀ ẹ́. Lẹ́yìn náà, ẹ fọ́ ọ wẹ́wẹ́ sórí aṣọ tó mọ́, ẹ sá a sóòrùn, kí ẹ sì ta nẹ́ẹ̀tì bò ó nítorí eṣinṣin. Bó bá gbẹ dáadáa, á di ìyẹ̀fun tó lè wà nínú ike fún oṣù púpọ̀.

Pípo rẹ̀ náà ní ọ̀nà. Fún ènìyàn 10, ògì tútù tó tó ìkúùkù àgbà 3, omi tútù ìdajì lítà láti fi pò ó kí kókó má wà níbẹ̀, àti omi lítà 3 tó ń hó yaya. Yaya ni mo wí. Omi tó ti sọ̀ kúrò lórí iná fún ìṣẹ́jú 2 kò ní gbé ògì náà dì, á kàn funfun, á sì máa tòrò sísàlẹ̀. Ẹni tó bá fi omi tútù púpọ̀ pò ó ti fọwọ́ ara rẹ̀ pa ooru tí ìbá jẹ́ kó dì. Ẹ da omi gbígbóná náà lé e lórí ní kíákíá, kí ọwọ́ kejì máa rò ó láìdúró. Bí kò bá sì dì, ẹ gbé e padà sórí iná kékeré kí ẹ máa rò ó, kò tíì bàjẹ́. Èyí kì í ṣe iṣẹ́ ọmọdé. Ọmọ tí kò tíì pé ọdún 12 kò gbọ́dọ̀ gbé ìkòkò omi híhó.

Ẹ̀kọ lásán kì í gbé ọmọ ró. Ilé iṣẹ́ ìwádìí ìjọba tó wà ní Òṣòdì, tí wọ́n ń pè ní FIIRO, ti fi ọgbọ́n sóyà-ògì lélẹ̀ tipẹ́. Àgbàdo ìpín 7, sóyà ìpín 3, ní ìwọ̀n ni, kì í ṣe ní ojú kóngò. Ẹ gbọ́dọ̀ bọ sóyà náà fún ìṣẹ́jú 20 sí 30 kí ẹ tó bó o tí ẹ ó fi lọ̀ ọ́ mọ́ àgbàdo, torí ohun kan wà nínú sóyà tútù tí kì í jẹ́ kí ikùn lè lo èròjà amúaradàgbà tó wà nínú rẹ̀ dáadáa. Òórùn ẹ̀wà tútù tó máa ń wà lára rẹ̀ á sì dín. Ẹ mọ̀ pé sóyà-ògì kì í pẹ́ bíi ti àgbàdo nìkan. Ìwọ̀nba tí ẹ ó jẹ ní ọjọ́ 2 ni kí ẹ ṣe bí iná kò bá sí.

Ẹ̀wà ni òpó kejì. Fún ẹnu 10, ìdajì kóngò tó oúnjẹ kan bí gààrí tàbí dòdò bá wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Àwọn ènìyàn máa ń bi wá pé èwo ló dín owó kù nínú àkàrà àti mọ́ínmọ́ín. Àkàrà ń jẹ òróró, mọ́ínmọ́ín ń jẹ iná. Níbi tí òróró dé yìí, a gbà pé mọ́ínmọ́ín ni ti ojoojúmọ́, kí àkàrà jẹ́ ti òwúrọ̀ Sátidé.

Àkàrà tó ń mu òróró ni àkàrà tí wọn kò ṣe dáadáa. Ẹ rẹ ẹ̀wà fún ìṣẹ́jú 10 sí 15 péré kí èèpo rẹ̀ lè tú, ẹ bó o, kí ẹ tún fi sómi fún bíi wákàtí kan kó lè rọ̀. Èyí tó bá sùn sínú omi ti mu omi yó, lílọ̀ rẹ̀ á ṣàn. Ìwọ̀nba omi tí ẹ̀rọ kò fi ní dúró ni kí ẹ fi lọ̀ ọ́. Lẹ́yìn náà, ẹ dà á sínú odó tàbí ọpọ́n, kí ẹ fi ọmọrogùn lù ú lọ́nà kan náà fún ìṣẹ́jú 10, kí atẹ́gùn lè wọ inú rẹ̀. Àwọn ọmọkùnrin tí agbára ń gùn ló ni iṣẹ́ yìí. Ẹ kán díẹ̀ sínú ife omi: bó bá léfòó, ó ti yá, bó bá rì, kí ẹ máa lù ú lọ. Ìgbà tí òróró bá ti gbóná tán ni kí ẹ tó fi iyọ̀ àti àlùbọ́sà sí i, torí bí iyọ̀ bá pẹ́ nínú rẹ̀ á fa omi jáde, àkàrà á sì tẹ́ pẹlẹbẹ. Òróró tí kò gbóná tó máa ń wọ inú àkàrà. Èyí tó gbóná jù á dú ẹ̀yìn rẹ̀, inú á wà ní tútù.

Fún mọ́ínmọ́ín ìdajì kóngò, ẹ lo tàtàṣé 4, àlùbọ́sà ńlá 2, ata rodo bí ẹnu yín ṣe gbà á, òróró agolo mílíìkì kan ààbọ̀, àti omi lítà kan lé díẹ̀, tí ẹ bá ka èyí tí ẹ fi lọ̀ ọ́ mọ́ ọn. Ó yẹ kó máa ṣàn láti ojú ṣíbí bí epo pupa tí kò dì, kó má ṣàn bí omi. Ẹ máa rò ó ní gbogbo ìgbà tí ẹ bá fẹ́ bù sínú ewé. Ẹni tí kò bá rò ó á bu òróró fún àwọn àkọ́kọ́, á sì bu gèdègédè fún àwọn tó kẹ́yìn, òun náà lẹ ṣe ń rí mọ́ínmọ́ín kan tó le bí òkúta àti òmíràn tí omi dúró lé lórí nínú ìkòkò kan náà. Ìṣẹ́jú 50 sí wákàtí kan ló ń gbà lórí iná. Bí ẹ bá lọ ẹ̀wà láàárọ̀ tí ẹ wá ń sè é lálẹ́ nínú ooru yìí, á ti kan.

Ọ̀rọ̀ iná yìí ló mú wa dé orí kúlà. Ẹ lè fi gáàsì bí ìṣẹ́jú 30 se ẹ̀wà tí ìbá gba wákàtí kan àti jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ gbé ẹ̀wà kaná nínú ìkòkò tó ní ìdérí gidi, kí ó kún dé ìdámẹ́ta méjì ó kéré tán, torí ìkòkò tó ṣófo máa ń tètè tutù. Kó hó gan-an fún ìṣẹ́jú 20. Láìṣí ìdérí rẹ̀, ẹ fi aṣọ ìbora 2 wé e, ẹ gbé e sínú kúlà ńlá tàbí páálí tí ẹ ti tẹ́ aṣọ àlòkù sí, kí ẹ bò ó pa. Lẹ́yìn wákàtí 4, ẹ gbé e jáde, kí ẹ tún jẹ́ kó hó fún ìṣẹ́jú 10 kí ẹ tó fi epo, ata àti iyọ̀ sí i. Ẹ má fo híhó ẹlẹ́ẹ̀kejì yẹn. Oúnjẹ tó ti di lọ́wọ́ọ́wọ́ fún wákàtí mélòó kan ni àwọn kòkòrò àìfojúrí fẹ́ràn jù. Ẹ̀wà olóyin ló bá ọ̀nà yìí mu jù; ẹ̀wà tó ti pẹ́ nínú àpò á ṣì le. Bó bá sì le, ẹ má sáré mú káún. Káún á jẹ́ kó rọ̀ lóòótọ́, á sì pa lára àwọn fítámì inú ẹ̀wà, pàápàá B1.

Ẹni tó bá ra ẹ̀wà lápò nígbà tó dínwó gbọ́dọ̀ mọ bí a ṣe ń tọ́jú rẹ̀, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, kòkòrò ló rà á fún. Ó gbọ́dọ̀ gbẹ. Ẹ bu ẹ̀wà àti iyọ̀ gbígbẹ sínú ìgò gbígbẹ, ẹ mì í, ẹ gbé e kalẹ̀ fún ìṣẹ́jú 15. Bí iyọ̀ bá lẹ̀ mọ́ ara ìgò, omi ṣì wà nínú ẹ̀wà náà, ẹ dá a padà sóòrùn. Bó bá gbẹ, àpò alápá mẹ́ta tí wọ́n ń pè ní PICS dára púpọ̀: ọ̀rá nípọn 2 nínú àpò kan, tí ẹ ó di ẹnu ọ̀kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Kòkòrò inú rẹ̀ á mí títí atẹ́gùn á fi tán, á sì kú. Kẹ́ẹ̀gì tí ìdérí rẹ̀ le ṣe bákan náà, bí ẹ bá ti kún un dé ẹnu tí ẹ kò sì ń ṣí i lójoojúmọ́. Ìwọ̀n ọ̀sẹ̀ kan ni kí ẹ máa bù jáde sínú ike kékeré. Ọ̀tápíápíá kò gbọ́dọ̀ sún mọ́ oúnjẹ. NAFDAC ti ń pariwo rẹ̀, ó sì ń pani. Ẹ̀wà tí kò ní kòkòrò kan ṣoṣo tí ó sì ń ta imú bí oògùn, ẹ fi sílẹ̀ fún ẹni tó ń tà á.

A ó mẹ́nu ba búrẹ́dì torí gbogbo ènìyàn ló ń béèrè rẹ̀. Fúláwà kílò kan, omi 580ml, ṣúgà gíráàmù 50, iyọ̀ gíráàmù 15, yíìsì gíráàmù 7, bọ́tà tàbí òróró gíráàmù 50. Omi náà kò gbọ́dọ̀ gbóná ju omi ìwẹ̀ ọmọ ìkókó lọ, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ yíìsì á kú, búrẹ́dì kò sì ní wú. Ẹ pò ó fún ìṣẹ́jú 15. Nínú ooru tiwa, wákàtí kan ti tó fún wíwú àkọ́kọ́. Èyí tí ẹ bá gbàgbé sílẹ̀ á wú, á sì wálẹ̀ padà, á máa rùn bí ọtí. Bí kò bá sí ófùùnù, ẹ da iyanrìn gbígbẹ sínú ìkòkò irin ńlá ní ìka 2, ẹ gbé e gbóná fún ìṣẹ́jú 15, ẹ gbé agolo búrẹ́dì lé e, kí ẹ kó ẹ̀yinná lé ìdérí. Àmọ́ bí òtítọ́ ṣe rí nìyí: búrẹ́dì ilé kì í dín owó kù púpọ̀ bí ẹ bá ń tan iná nítorí búrẹ́dì kan. Ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀, 3 tàbí 4 papọ̀, ni èrè tó wà níbẹ̀.

Ní ti ẹ̀fọ́, àpò sìmẹ́ǹtì tó ti ṣófo 6 tí ẹ kún ní erùpẹ̀ àti ìgbẹ́ adìyẹ tó ti jẹrà lè máa fún ilé ní tẹ̀tẹ̀ léraléra. Irúgbìn rẹ̀ kéré púpọ̀, ẹ pò ó mọ́ yanrìn gbígbẹ kí ẹ tó fún un, kó má baà dì síbì kan. Ọ̀sẹ̀ 3 sí 4 ó ti tó gé. Gbúre kò nílò irúgbìn rárá, igi rẹ̀ tí ẹ rà lọ́jà ni kí ẹ rì mọ́lẹ̀.

Gbogbo èyí á di ìnira bí kò bá ní ìtò. Ẹ rẹ àgbàdo ní àárọ̀ Ọjọ́bọ̀, ẹ pààrọ̀ omi rẹ̀ ní Ẹtì, ẹ lọ̀ ọ́ kí ẹ sì sẹ́ ẹ ní àárọ̀ Sátidé, ògì tuntun ti wà nílẹ̀ ní àárọ̀ Sọ́ńdè. Ẹ gbé ẹ̀wà sínú kúlà ní aago 8 kí ìwé kíkà tó bẹ̀rẹ̀, á ti rọ̀ ní aago 12. Ọmọ ọdún 4 sí 6 ń ṣa òkúta inú ẹ̀wà, ó sì ń kà á. Ọmọ ọdún 7 sí 9 ń bó ẹ̀wà, ó ń wọn nǹkan. Ọmọ ọdún 10 àti 11 ló ń ṣírò, pé bí ìdajì kóngò bá tó ènìyàn 10, mélòó ló máa tó 14 nígbà tí àlejò bá dé. Iná àti òróró jẹ́ ti àwọn tó ti pé ọdún 12, lójú àgbà. Kí iṣẹ́ oúnjẹ má sì ju wákàtí kan lọ nínú àkókò ẹ̀kọ́ ojúmọ́. Ó dùn wá pé àwọn kan ń fi ọ̀rọ̀ pé àwọn ń kọ́ ọmọ nílé bojú, tó sì jẹ́ pé iṣẹ́ ni wọ́n ń fi ọmọ ọlọ́mọ ṣe láti òwúrọ̀ dalẹ́. Òfin ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ UBE ti ọdún 2004 sọ ọ́ di dandan fún òbí pé kí ọmọ rẹ̀ parí ẹ̀kọ́ ọlọ́dún 9 àkọ́kọ́. Ó yẹ kí ilé tó bá ń kọ́ ọmọ fúnra rẹ̀ ní ìwé ètò ẹ̀kọ́ ti NERDC, àjọ ìjọba tó ń ṣe ètò ẹ̀kọ́, lọ́wọ́, kó máa tọ́jú ìwé tí ọmọ kọ ní ọdọọdún, kó sì múra rẹ̀ sílẹ̀ fún ìdánwò WAEC tàbí NECO tí ẹni tí kò lọ ilé ìwé lè jókòó fún.

Ẹ má bẹ̀rù láti fi Yorùbá kọ́ wọn nídìí iná yẹn. Lọ́dún 1970, Yunifásítì Ifẹ̀ lábẹ́ ìdarí Ọ̀jọ̀gbọ́n Babatunde Fafunwa bẹ̀rẹ̀ ètò kan tí wọ́n fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní ìṣirò àti sáyẹ́ǹsì fún odindi ọdún 6, tí Gẹ̀ẹ́sì jẹ́ ẹ̀kọ́ kan lọ́tọ̀. Àwọn ọmọ náà ṣe dáadáa ju àwọn ẹgbẹ́ wọn lọ, títí kan Gẹ̀ẹ́sì gan-an. Ọmọ tó bá ti mọ ìdí tí ògì fi ń kan ní èdè ìyá rẹ̀, orúkọ òyìnbó rẹ̀ nìkan ló kù tó máa kọ́.

Olóòtú wa, ohun tí à ń bẹ̀ yín fún kò pọ̀. Nígbà tí àwọn akọ̀ròyìn yín bá tún lọ sí Bódìjà, Òjé, Mile 12 tàbí ọjà Ọba ní Àkúrẹ́ láti béèrè iye owó oúnjẹ, kí wọ́n mú sìkéèlì kékeré tí à ń fi ọwọ́ gbé kọ́ dání. Kí wọ́n ra kóngò kan ní ọjà kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n wọ̀n ọ́n, kí ẹ sì tẹ kílò rẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ owó rẹ̀. Bí àyè bá kéré nínú ìwé ìròyìn, ẹ̀wà, gààrí àti àgbàdo nìkan ti tó bẹ̀rẹ̀.

Àwa ni tiyín,
Àwọn òbí tó ń kọ́ ọmọ nílé, Ìbàdàn.